Ẹbọ Fín, A Sì Tún Lọ sí Àró

Ẹ̀bi ara mi ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ìyàwó ọmọ mi bí èkejì, inú gbogbo wa dùn. A ṣe ẹsẹ̀ǹtayé ọmọ, a sọ ọ́ lórúkọ. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí ìyá ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ọmọ á máa sunkún, òun á kàn máa wò ó. Bí ọmọ bá sùn, òun ò ní lè sùn. Oúnjẹ tí mo bá gbé síwájú rẹ̀ á tutù síbẹ̀. Obìnrin tó máa ń kọrin Ọ̀ṣun bó bá ń fọṣọ! Èmi ní ọ̀lẹ ni. Mo sọ ọ́ lójú rẹ̀ pé, "Èmi bí mẹ́fà, ta ló bá mi gbé wọn?" Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí.

A gbé e dé iwájú Ifá. A rúbọ, ẹbọ fín, a sì bọ orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni babaláwo wa bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè: oorun ńkọ́, oúnjẹ ńkọ́, kí lo máa ń rò lóru? Ibẹ̀ ló ti jẹ́wọ́ pé, "Bàbá, ó ń ṣe mí bíi kí n má jí mọ́." Àyà mi já. Bàbá kọjú sí mi: "Ìyá, mo ti ṣe iṣẹ́ tèmi. Àìsàn ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn yìí. Ẹ má jẹ́ kó dá wà lálẹ́ òní, kí ẹ sì gbé e lọ sí Àró láàárọ̀ ọ̀la."

Àró kẹ̀! Èébú ni wọ́n ń fi orúkọ yẹn bú èèyàn ní Abẹ́òkúta níbí. N ò mọ̀ pé Dókítà Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, tó dá ètò ibẹ̀ sílẹ̀ ní 1954, kò kórìíra àwa onísẹ̀ṣe. Ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, mọ̀lẹ́bí wọn ń dáná fún wọn, ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá bá a ṣiṣẹ́.

Wọn ò dè é, wọn ò nà án. (Àwọn kan nínú wa ṣì ń fi ṣẹkẹṣẹkẹ de aláìsàn. Ẹ jọ̀ọ́, ó tó gẹ́ẹ́.) Ìbéèrè ni wọ́n kọ́kọ́ bi í. Wọ́n ní ó wọ́pọ̀ lẹ́yìn ìbímọ, kì í ṣe ọ̀lẹ. Wọ́n fún un ní oògùn tí abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́mú lè lò, wọ́n sì dá ọjọ́ tí yóò máa wá bá wọn sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì kìlọ̀ fún wa: ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kẹ́ ẹ tó rí ìyàtọ̀. Tára bá sì yá, ẹ má dá a dúró fúnra yín, torí wọ́n sábà máa ń lò ó fún bí oṣù mẹ́fà sí i. Àgbo ńkọ́? Ẹ sọ ohun tó wà nínú ẹ̀ fún dókítà kó tó mu ún, torí egbòogi míì máa ń bá oògùn jà.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, kò sí nǹkan kan. Mo fẹ́ kó ṣíwọ́ lílò ó. Bàbá ló ní kí n fara balẹ̀.

Àwọn ìyá ẹgbẹ́ Ọ̀ṣun wa pín iṣẹ́ láàárín ara wọn. Lọ́rọọrún ni méjì nínú wọn ń wá: ọ̀kan á wẹ ọmọ, á fọ ìlédìí, èkejì á jókòó tì í títí oorun á fi gbé e. Kò sí ìwàásù. Ọjọ́ kan ni ọ̀kan nínú wọn sọ jẹ́jẹ́ pé òun náà ti rí irú rẹ̀ rí, nígbà tí òun bí àkọ́bí, òun ò sì sọ fún ẹnì kankan. Ìyàwó mi gbójú sókè. Ó lé lóṣù kan kó tó tún máa jẹun dáadáa.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ, bí irú èyí bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì lára ìyàwó yín, ẹ bi í léèrè. Bó bá mẹ́nu ba ikú, ẹ má dúró de ọjọ́ ẹbọ, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Bí Àró bá jìnnà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti jẹ́nẹ́rà tó wà nítòsí.

Ó ṣì ń lo oògùn rẹ̀. Lánàá ó bá mi jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń pariwo. N ò fèsì. Mo ń ja ẹ̀fọ́ mi lọ, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀.