Káàdì Lọ́wọ́ Àwọn Ọmọ Wa

Ẹ̀yin òbí ọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, bí ẹ bá rí káàdì 52 lábẹ́ ìrọ̀rí ọmọ yín, ẹ má ṣe yára sọ ọ́ sínú iná. Tẹ́tẹ́ ti tú ọ̀pọ̀ ilé ká, àwa kò sì gbè é. Ṣùgbọ́n eré ọwọ́ kan wà tí kò ní owó nínú: a ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo pín káàdì sí méjì, kí ti ìsàlẹ̀ di ti òkè, a ó tẹ́ ẹ bí abẹ̀bẹ̀, a ó sì tún pa á dé.

Fídíò ni olùkọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2007, àwọn ìbejì ará Amẹ́ríkà, Dan àti Dave Buck, gbé ẹ̀kọ́ yìí jáde nínú DVD. Lónìí, ọmọ Lafẹ́ńwá lè wo irú rẹ̀ lórí YouTube. Sùúrù tí ó ń fẹ́ kò kéré. Olùkọ́ kọjú sí ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ a sì hàn ní òsì. Ibẹ̀ ni ó ti ń dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ lójú. Kí ọmọ jókòó lórí ẹní, nítorí káàdì yóò bọ́ ní àìmọye ìgbà.

Ẹ ní kí ó ṣe é lójú yín lẹ́yìn àdúrà alẹ́. Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá ní kí wọ́n fi owó sí i ni kí ẹ gba káàdì náà.