Àṣà Kì í Ṣe Fìlà: Lórí Kíkọ́ Hòtẹ́ẹ̀lì Sétí Òkun



Ní oṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ wá kí mi nílé ní Ayétòrò. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọdún méjì ló fi kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ èdè lọ́dọ̀ mi kó tó sá lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ nípa yíya àwòrán ilé. Mo ti dárí jì í tipẹ́. Ó gbé ìwé ràbàtà kan dání, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì tí mo ti ń jẹun. Àwòrán hòtẹ́ẹ̀lì olówó gọbọi ni, tí oníbàárà rẹ̀ kan fẹ́ kọ́ sétí òkun, láàrin Àgbádárìgì àti Sẹ̀mẹ̀.

Ó ní, "Prọ́f, ẹ jọ̀ọ́, orúkọ Yorùbá ni mo wá gbà lọ́wọ́ yín. Yàrá mẹ́rìnlélógún ló wà níbẹ̀. Oníbàárà mi fẹ́ kí gbogbo ẹ̀ jẹ́ ti ìbílẹ̀, kó sì tún jẹ́ ti ìgbàlódé."

Mo wo àwòrán náà títí. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onígun mẹ́rin kan ni, gíláàsì láti ìsàlẹ̀ dókè, ó kọjú sí òkun gbọnrangandan. Wọ́n wá fi koríko bò ó lórí bí ẹni dé fìlà. Àwọn òpó tí wọ́n gbẹ́ ère sí lára tò síwájú rẹ̀, wọn kò sì gbé ohunkóhun ró. Lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbé orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan kọ́. Orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ o, lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀! Níwájú èmi ọmọ Yewa! Mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún wò ó.

Mo bi í pé, "Ọmọ mi, èwo ni ìbílẹ̀ níbí?" Ó nàka sí koríko, ó nàka sí òpó, ó nàka sí Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Mo ní, "Tí a bá yọ gbogbo wọn kúrò ńkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín. "Hòtẹ́ẹ̀lì á ṣì wà níbẹ̀, sà."

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ ó rántí ohun tí mo máa ń sọ fún yín ní ọdún kìn-ín-ní pé èdè kì í ṣe àpò tí a kó ọ̀rọ̀ sí. Ẹni tó bá sọ pé "Mo ń wo iwájú láti rí ọ", gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni Yorùbá, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló sọ. Ẹni tó bá sì ní "Bátìrì fóònù mi ti kú, bá mi wá ṣájà", Yorùbá ló sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta nínú rẹ̀ ti òkèèrè wá. Gírámà ló ń mú èdè jẹ́ èdè. Ilé náà ní gírámà tirẹ̀. Sìmẹ́ńtì, gíláàsì àti ẹ̀rọ amúlétutù, ọ̀rọ̀ àyálò ni wọ́n. Wọn kò lè ba ilé Yorùbá jẹ́ bí ètò ilé náà bá jẹ́ tiwa. Koríko àti ère kò sì lè sọ ilé tí ètò rẹ̀ jẹ́ ti ibòmíràn di tiwa.

Kí wá ni gírámà ilé wa? Ẹ jẹ́ ká wo agbo ilé àtijọ́. Àlejò kò ní ṣàdédé já wọ yàrá. Ojúde ló máa kọ́kọ́ dé, á gba ìloro wọlé, á bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó yí àgbàlá ká. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti fún un lómi mu, tí wọ́n á ti béèrè àwọn ará ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Yàrá wà lẹ́yìn ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kéré, ó ṣókùnkùn, ibi oorun àti ibi ìpamọ́ ẹrù ni. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ayé ti ń ṣẹlẹ̀: ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dirun, tí wọ́n ti ń ta ayò, tí wọ́n ti ń parí ìjà. Òrùlé máa ń dà sínú àgbàlá, òjò á rọ̀ sínú ìkòkò, ooru á gba ojú ọ̀run tó ṣí sílẹ̀ jáde, ẹni tó jókòó lábẹ́ ìbòòji á sì gba atẹ́gùn. Ààfin náà kò ju èyí lọ, àgbàlá rẹ̀ ló pọ̀, tó sì ní kọ̀bì, tí Àlùfáà Samuel Johnson nínú ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921 kà sí àmì ààfin ọba.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀-ìṣe tí àwọn àgbà ń lò. Wọ́n ń mọ ilé, bí wọ́n ṣe ń mọ ìkòkò. Ọwọ́ ló ń mọ nǹkan, ọwọ́ sì mọ bí amọ̀ ibẹ̀ ṣe rí. Àwa ìgbàlódé ń kọ́ ilé. N kò ní ká padà sí ilé amọ̀ o, ilé búlọ́ọ̀kù ni èmi náà ń gbé. Ohun tí mo ń sọ ni pé ilé àtijọ́ ti inú ilẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ jáde ni.

Mo wá fa pẹ́ńsù yọ, ó sì gbà mí láyè. Nínú àwòrán rẹ̀, ọ̀nà tóóró kan tí wọ́n dé pa, tí iná mànàmáná ń jó nínú rẹ̀ tọ̀sán-tòru, ló gba àárín yàrá ọ̀tún àti yàrá òsì kọjá. Mo ní kó la á sí méjì, kó fi àgbàlá sáàárín, kí ọ̀nà yẹn di ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ṣí sí àgbàlá. Ẹni tó sanwó ńlá á ṣì ní yàrá tó lè tì pa, torí ìyẹn náà tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n tó bá ṣílẹ̀kùn, ìbòòji àti atẹ́gùn ni á pàdé. Ibi tí wọ́n ti ń gbàlejò, tó ya bíi káńtà báǹkì, mo ní kó sọ ọ́ di ìloro: àlejò á jókòó, á mu omi, wọ́n á kí i, kí wọ́n tó gba káàdì lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé irú nǹkan báyìí kò lè bá ìgbàlódé mu, kó lọ wo ilé àwọn Dominican tí Demas Nwoko kọ́ sí Ìbàdàn. Ó lo ilẹ̀ pupa pọ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì, ó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn ṣiṣẹ́ ilé, kò sì ya ilé ẹnikẹ́ni jẹ. Ní 2023 ni wọ́n fún un ní Kìnnìún Wúrà ní Venice fún iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ní ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́, mo sọ ọ́ lójú ẹ̀ pé àwọn ìyá wa là ń fi bu ọlá fún, a kì í gbé wọn kọ́ sẹ́nu balùwẹ̀. UNESCO pàápàá mọ ìyẹn láti 2001. Bó bá fẹ́ kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà ní hòtẹ́ẹ̀lì, kó fún un ní gbàgede: ilẹ̀ gbalasa tí èrò lè yí ká, ibi tí onílù á jókòó sí kọjú sí ọ̀nà tí eégún ń gbà jáde, àti ibi ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n á ti múra. Nígbà tí wọn kò bá jó, kí ó ṣófo. Ààyè tó ṣófo náà ń sọ̀rọ̀.

A ti ń gbádùn ara wa báyìí kí n tó rántí ohun kan tó yẹ kí n ti rí látìbẹ̀rẹ̀. Àgbàlá àti kọ̀bì tí mo ń ròyìn, ti òkè ilẹ̀ ni. Ilé etí omi yàtọ̀. Àwọn Ìlàjẹ àti àwọn Ògù, tí àwa ń pè ní Ègùn, orí òpó ni wọ́n ń kọ́lé sí, ọ̀pá ọ̀gọ̀rọ̀ ni ògiri rẹ̀, kí omi lè kọjá lábẹ́ kí atẹ́gùn sì gba inú rẹ̀. Ẹni tó bá ti dé Ganvié lórí adágún Nokoué mọ bí irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe lè di odindi ìlú. Àṣà kẹta tún wà: ti àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wálé, pẹ̀lú fèrèsé aláràbarà àti ògiri tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣọnà sí. Ẹ wo mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí l'Ékòó ní 1894, tàbí mọ́ṣáláṣí ńlá Àjàṣẹ́ tó dà bíi ṣọ́ọ̀ṣì Brazil. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn míṣọ́nnárì ní Àgbádárìgì, tí wọ́n parí ní 1845, ìgbàlódé paraku ni nígbà tirẹ̀. Lónìí, àwọn ọmọ iléèwé ń lọ wò ó gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹ rí i pé "ìbílẹ̀" kì í dúró sójú kan.

Ó bi mí bóyá ẹnì kan ti ṣe é rí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ní Ìkégun, ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, Ọ̀túnba Wanle Akinboboye ti bẹ̀rẹ̀ La Campagne Tropicana láti 1984, nígbà tí àwọn olówó wa rò pé hòtẹ́ẹ̀lì gidi gbọ́dọ̀ dà bíi ti Lọ́ńdọ̀nù. Ó fi igi àti koríko kọ́lé sáàárín òkun àti igbó etí omi, ó gbé àṣà ilẹ̀ adúláwọ̀ síwájú, àwọn èèyàn sì ń san owó gidi láti sùn níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé wọ́n tú ilé ká sáàárín igi, dípò kí wọ́n kó gbogbo ẹ̀ sínú àpótí kan.

Ṣùgbọ́n koríko kì í ṣe ohun tí à ń fi sílẹ̀ bí páànù. Ó gbọ́dọ̀ dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ kí òjò lè ṣàn kúrò, iná ni ọ̀tá rẹ̀, láàárín ọdún díẹ̀ ni a ó sì tún un ṣe. Ní Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, ọdún Bẹẹrẹ wà torí kí ará ìlú máa mú koríko wá bo ààfin. Odindi ọdún ìbílẹ̀, nítorí òrùlé! Ẹni tó bá fẹ́ bẹẹrẹ lórí hòtẹ́ẹ̀lì rẹ̀, kó wá àwọn tó mọ̀ ọ́n bò, kó fi owó oṣù sí i fún wọn.

Ó ku òkun fúnra rẹ̀. Ilé inú àwòrán yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ẹsẹ̀ bọ omi. Òkun wa ní ọ̀nà tó ń gbà: láti ìwọ̀-oòrùn ló ti ń kó yanrìn bọ̀, láti apá Gánà, gba Tógò àti Benin kọjá, wá sọ́dọ̀ wa. Bí a bá dí i lọ́nà níbì kan, yanrìn á gùn síwájú ìdíwọ́ náà, òkun á sì jẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta wọ òkun lẹ́nu èbúté Èkó ní 1908, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Bar Beach nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Kútọnu lẹ́yìn tí wọ́n ṣí èbúté wọn ní 1965. Ọ̀pọ̀ ilé apá ìlà-oòrùn ti wọ omi. Ayétòrò mìíràn wà ní Ìlàjẹ, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947. Òkun ti gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Tí mo bá ní Ayétòrò ni mo ti wá, àwọn tí kò mọ tiwa máa ń bá mi kẹ́dùn. Mo ní kó sún ilé sẹ́yìn dáadáa, kó sì kìlọ̀ fún bíríkìlà pé yanrìn òkun kò gbọ́dọ̀ wọ kọnkéré, torí iyọ̀ rẹ̀ á jẹ irin inú rẹ̀.

Nígbà tí a ń sún ilé sẹ́yìn lórí ìwé ni mo rí ìlà gígùn kan, láti ọ̀sà títí dé òkun. Mo ní kí nìyí. Ó ní, "Ọgbà ni, sà." Mo ní ta ló ń gba ibẹ̀ kọjá tẹ́lẹ̀? Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní àwọn apẹja ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ń fa ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí, ibẹ̀ ni àwọn ìyàwó wọn ti ń ra ẹja.

Mo rán an létí Otodo Gbame ní Lẹ́kí. Láàrin oṣù kọkànlá 2016 àti oṣù kẹrin 2017, wọ́n lé àwọn tó lé ní 30,000 kúrò níbẹ̀. Ògù apẹja ni púpọ̀ nínú wọn. Ní oṣù kẹfà 2017, ilé ẹjọ́ gíga Èkó ní ohun tí wọ́n ṣe lòdì sí òfin, ṣùgbọ́n ilé wọn ti wó. Báwo la ṣe fẹ́ kọ́ ilé tó jọ ilé apẹja, ká wá mọ ògiri dí apẹja lọ́nà? Mo bínú díẹ̀, mo gbà.

Ìgbà náà ni mo sọ fún un pé n kò lè fún un lórúkọ mẹ́rìnlélógún. Ìloro, ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbàgede, kó mú mẹ́ta yẹn. Ilẹ̀ yẹn, Ògù ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, Ògù kì í sì í ṣe ẹ̀ka èdè Yorùbá. Inú ẹbí Gbè ló wà, òun àti Fọ̀n àti Éwè. Bí èmi bá jókòó sí Ayétòrò tí mo ń fi Yorùbá sọ etíkun wọn lórúkọ, kí ni mo fi yàtọ̀ sí òyìnbó tó sọ tiwa? Mo ní kó lọ bi àwọn tó ń fa ọkọ̀ níbẹ̀ pé kí ni wọ́n ń pe atẹ́gùn òwúrọ̀, kí ni wọ́n ń pe ibi tí ìgbì ti ń fọ́.

Ó pè mí lánàá. Oníbàárà rẹ̀ gbà kí ilé sún sẹ́yìn, ó gba àgbàlá, ó ní kí wọ́n kó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kúrò lẹ́nu balùwẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọgbà ni kò tíì gbà. Ó ní òun ti lọ sí etí omi lẹ́ẹ̀mejì, ìyá kan tó ń yan ẹja ti fún òun ní orúkọ méje, òun sì kọ wọ́n sílẹ̀ tàmì-tàmì bí mo ṣe kọ́ ọ. Ó bi mí bóyá kí òun fi wọ́n ránṣẹ́ sí oníbàárà. Mo ní kó dì wọ́n mú ná títí wọ́n á fi parí ọ̀rọ̀ ọgbà.