Níbo Ni Ọjà Yìí Ti Wá?

Ní ayé àtijọ́, kò sí ẹni tí ó lè ru ẹrù wọ ìlú kí oníbodè má bi í pé níbo ni ó ti ń bọ̀, àti pé kí ni ó rù. Àwọn ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ mọ ọ̀rọ̀ yìí ju ẹlòmíràn lọ, nítorí pé ojú ọ̀nà òwò ni àwọn baba wọn ti ń jẹun. Ọ̀ràn ọ̀nà òwò sì wà lára ohun tí ó fa ogun Ìmàgbọn láàárín Ìjẹ̀bú àti Gẹ̀ẹ́sì ní 1892. Ìbéèrè oníbodè kò tíì yí padà. Ìwé ni a fi ń dáhùn rẹ̀ lóde òní.

Ní ìlú Èkó níhìn-ín ni a ti dá ẹgbẹ́ ECOWAS sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún 1975. Ní 1979 ni ẹgbẹ́ náà fi àṣẹ sí i pé kí irè oko àti iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wa máa kọjá láàárín àwọn orílẹ̀-èdè rẹ̀ láìsan owó ibodè. Ní 1990 ni a fi ọjà ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ kún un.

Ohun tí ó ń dùn wá ni pé àwọn tí a torí wọn ṣe òfin náà kò mọ̀ ọ́n. Iṣu, obì, ẹja, ẹní àti agbọ̀n tí a fi ọwọ́ hun kò nílò ìwé-ẹ̀rí orírun rárá. Bẹ́ẹ̀ ni òfin wí. Síbẹ̀, ìyá tí ó kó ẹja gbígbẹ láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Kútọnu lè dé bodè Sẹ̀mẹ̀ kí a béèrè ìwé yìí lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì tú owó sílẹ̀ nítorí pé kò ní èsì. (Ìwé ìlera oúnjẹ àti ti irè oko yàtọ̀ sí èyí; kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi wọ́n sílé.)

Ti ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ń ṣe abọ́ ike ní Odògúnyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú orúkọ ilé-iṣẹ́ àti ọjà rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ Nàìjíríà, kí ó tó dé ọ́fíìsì àgbà ECOWAS ní Àbújá. Bí ohun èlò rẹ̀ bá tilẹ̀ ti òkè òkun wá, òfin 2003 gbà á láàyè, bí iṣẹ́ tí a ṣe sí i níhìn-ín bá sọ ọ́ di ọjà mìíràn, tàbí bí iṣẹ́ náà bá tó ìdá 30 nínú 100 iye tí ọjà náà jẹ́ nígbà tí ó ń jáde ní ilé-iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n kí a ra abọ́ tí Ṣáínà ti ṣe parí, kí a lẹ orúkọ Ìkòròdú mọ́ ọn, irọ́ gbáà ni. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ojúlówó oníṣẹ́ di ẹni ìfura lójú àwọn aṣọ́bodè.

Àdéhùn òwò ọ̀fẹ́ gbogbo Áfíríkà tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2019 ti ń ṣiṣẹ́ láti January 2021, èbúté ńlá Lẹ́kkí sì ti ṣí ní 2023, kò jìnnà sí Ẹ̀pẹ́. Nítorí náà a ń bẹ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì kí wọ́n kọ òfin ìwé-ẹ̀rí orírun yìí ní èdè Yorùbá, kí wọ́n sì fún àwọn ìyálọ́jà, láti Benson ní Ìkòròdú títí dé ọjà ẹja Olúwò, kí ẹni tí ń lọ sí Sẹ̀mẹ̀ lè mú un dání.