Irùngbọ̀n Fífá Àkọ́kọ́: Ọwọ́ Ta Ni Abẹ Yóò Wà?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí jẹ́ èyí tí ọ̀pọ̀ bàbá kò kà sí ọ̀rọ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ náà ni ti ọjọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin kọ́kọ́ fi abẹ kan àgbọ̀n ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á gba ọ̀nà èdè wọ̀ ọ́, nítorí iṣẹ́ tèmi nìyẹn. "Irun" àti "àgbọ̀n" ni a sún pọ̀ tí wọ́n fi di "irùngbọ̀n". A pa fáwẹ̀lì tó bẹ̀rẹ̀ "àgbọ̀n" jẹ, ṣùgbọ́n ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ kò bá a lọ. Ó bọ́ sórí sílébù tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ tún kíyè sí ọ̀rọ̀-ìṣe méjì tí a ń lò fún irun. Bí abẹ bá kan awọ ara tí ó kó irun kúrò, a ní a "fá" a. Bí àlùmọ́gàjí bá gé irun kù, tí ìdí rẹ̀ ṣì hàn, a ní a "gẹ̀" ẹ́. Ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, a ó padà bá a.

Gbogbo wa la mọ bí Yorùbá ti ka irun orí sí. A kì í dédé fá orí Dàdá. Àsè ni a ń ṣe fún un. Ọmọ olóògbé a máa fárí. A máa ń fá orí ẹni tí yóò di adóṣù Ṣàngó. Ní ààfin Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, irun ni a fi ń dá àwọn ìlàrí mọ̀. Àlùfáà Samuel Johnson, tó jẹ́ pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́, ṣàlàyé nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921 pé ìhà kan orí wọn ni wọ́n ń fá, wọn a fi ìhà kejì sílẹ̀, wọn a sì tún yí i padà bí ọjọ́ bá pé. Orúkọ wọn náà, láti ara "là" àti "orí" ni.

Irùngbọ̀n kò rí bẹ́ẹ̀. Orí ni Yorùbá ń bọ, kì í ṣe àgbọ̀n. Ọjọ́ tí irun bá kọ́kọ́ yọ ní ojú ọmọkùnrin a máa kọjá láìsí àsè, láìsí ìlù. Ẹlòmíràn lè wá rò pé àwọn bàbá wa kò náání ọ̀rọ̀ náà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó dúró dípò àsè ni ọwọ́ onígbàjámọ̀.

Abẹ ìgbà náà, alágbẹ̀dẹ ló ń rọ ọ́, òkúta ni a fi ń pọ́n ọn, ẹni tó sì kọ́ṣẹ́ ló ń dì í mú. Bí olóòlà ti ní iṣẹ́ tirẹ̀, tó ń kọ àbàjà fún ọmọ Ọ̀yọ́ àti gọ̀ǹbọ́ fún ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, bẹ́ẹ̀ ni onígbàjámọ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Hausa, ní iṣẹ́ tirẹ̀ lábẹ́ igi tàbí ní ọjà. (Ilà kíkọ fún ọmọdé ti di èèwọ̀ nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003, mo kàn fi ṣe àpẹẹrẹ ni.) Ọ̀dọ́mọkùnrin yóò jókòó, yóò gbé àgbọ̀n sókè, àgbàlagbà yóò sì fi omi àti ọṣẹ rin ín kí abẹ tó kàn án. Yorùbá ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Láyé ọjọ́un, a kì í sábà fi olórí nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú abẹ.

Ìgbà tí abẹ fẹ́lẹ́ dé ni nǹkan yí padà. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, King C. Gillette, gba ìwé àṣẹ lórí irú abẹ bẹ́ẹ̀ ní 1904. Ó fẹ́lẹ́ lóòótọ́, ó sì pọ̀, kò wọ́n. Abẹ kúrò lọ́wọ́ onígbàjámọ̀, ó di ohun tí bàbá ń gbé sí ojú fèrèsé balùwẹ̀. Níbẹ̀ ni ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yóò ti bá a. Irun ti hù ní igun ètè rẹ̀ òkè, nítorí ibẹ̀ ló sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Yóò ti ilẹ̀kùn, yóò mú abẹ tí bàbá rẹ̀ ti lò, yóò sì fá gbígbẹ.

Ewu méjì ló wà níbẹ̀. Èkínní ni ẹ̀jẹ̀. Àrùn éèdì àti àrùn ẹ̀dọ̀ tí a ń pè ní hepatitis B lè gba ojú abẹ tí ẹlòmíràn ti lò wọlé. Kòkòrò hepatitis B lè wà láàyè lóde ara fún ọjọ́ 7, ó kéré tán. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń ṣe àbójútó ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó bóyá abẹ kan kò máa ti ọwọ́ dé ọwọ́ níbẹ̀.

Èkejì ni àwọn kókó wẹ́wẹ́ tó ń sú bo àgbọ̀n àti ọrùn. Irun tiwa ká, ihò tó ti ń hù náà sì tẹ̀. Bí a bá fá a mọ́ awọ ara pátápátá, ẹnu rẹ̀ a mú ṣóńṣó, a sì tẹ̀ padà wọ inú awọ. Ara yóò gbógun tì í bí ẹni pé ẹ̀gún ni. Ọmọ yóò rò pé òun kò fá a dáadáa, yóò tún fá a. Bẹ́ẹ̀ ni ojú yóò ṣe máa bàjẹ́ sí i, títí tí yóò fi di àpá. Ìyàtọ̀ "fá" àti "gẹ̀" wúlò níbí: ẹni tí ojú rẹ̀ bá ń sú, gígẹ̀ ló yẹ ẹ́, kì í ṣe fífá. Ẹ̀rọ ìgẹrun tó bá mọ́ a máa dá irun díẹ̀ sí.

Àwọn kan máa ń dẹ́rù ba ọmọ pé bí ó bá fá a, yóò hù ní ìlọ́po méjì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mildred Trotter, onímọ̀ nípa ẹ̀yà ara ní Amẹ́ríkà, ti yẹ̀ ẹ́ wò ní 1928, ó sì rí i pé fífá kò mú irun pọ̀ sí i, kò sì mú un yára hù. Ẹnu tí abẹ gé ló ń jẹ́ kí ó le lọ́wọ́.

Nígbà náà, ta ni yóò gba ipò onígbàjámọ̀? Ọmọ tí a kọ́ nílé kì í dédé dúró níwájú bàbá rẹ̀ kí ó ní, "Bàámi, irùngbọ̀n mi ń hù o." Ìtìjú kò ní jẹ́ kó parí rẹ̀. Bàbá ni yóò kọ́kọ́ la ẹnu: "Àkànní, mú dígí yẹn wá." Bí bàbá kò bá sí, ẹ̀gbọ́n lè ṣe é, olùkọ́ sì lè ṣe é. Kí ó kọ́kọ́ bi í bóyá ó tilẹ̀ fẹ́ fá a, nítorí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí, tí wọ́n pọ̀ ní ìlú wa méjèèjì, a máa dá irùngbọ̀n sí, wọn a sì gẹ irun ètè.

Bí ó bá fẹ́ fá a, kí ó ra abẹ tuntun tirẹ̀. Kí ó wẹ̀ tán, kí ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ rin irun náà títí yóò fi rọ̀. Kí abẹ máa lọ síbi tí irun dojú kọ. Kí ó má fa awọ le, kí ó má sì tún ojú kan fá léraléra. Bí kókó bá yọ, kí ó fi abẹ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ó má fi abẹ́rẹ́ tú u. Lẹ́yìn náà, omi tútù ni kí ó fi ṣan ojú. Abẹ tó bá sì ti kú, bébà ni kí ó fi wé e dáadáa kí ó tó sọ ọ́ nù, nítorí ẹni tí yóò gbálẹ̀ láàárọ̀.