Igbó Ọba: Ta Ló Ń Ṣọ́ Ọ?

Ní Akínyẹlé, lẹ́bàá títì tó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, igbó kan ṣì wà tó fẹ̀ tó 350 hẹ́kítà. Inú ọgbà IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, ló wà. Ìrókò, àràbà àti arère ń bẹ níbẹ̀, oríṣi ẹyẹ tí wọ́n sì ti rí níbẹ̀ lé ní 250. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìbátan ẹ̀gà, ẹyẹ dúdú tí pupa wà lórí rẹ̀, tí àwọn onímọ̀ fi orúkọ Ìbàdàn pè: Malimbus ibadanensis. J. H. Elgood, olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn ìgbà náà, ló kọ nípa rẹ̀ fún aráyé lọ́dún 1958. Ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n dájú. Bí igbó ìhà ibí bá tán, òun náà tán nìyẹn.

Ẹni tó bá jáde lẹ́nu géètì IITA yóò rí oko ẹ̀gẹ́, ilẹ̀ tí wọ́n ti gé sí pùlọ́ọ̀tì, àti àpò èédú tí wọ́n tò sétí títì. Bẹ́ẹ̀, oko ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ IITA fúnra rẹ̀ kó tó di ọdún 1967 tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Wọ́n fi apá kan sílẹ̀, igbó sì padà hù. Ilẹ̀ wa ò tíì yàgàn. Ṣùgbọ́n ọgbà àti ẹ̀ṣọ́ ló dáàbò bo igbó yẹn. Igbó ọba, ìyẹn igbó tí ìjọba yà sọ́tọ̀, tí kò lọ́gbà ńkọ́?

Ọdún 1899 ni ìjọba amúnisìn ya igbó Olókemejì sọ́tọ̀, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, létí odò Ògùn. Òun ni wọ́n kà sí igbó ọba àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tó di Nàìjíríà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti Gánbàrí, Ìjàyè àti àwọn mìíràn dé. Kì í ṣe nítorí ẹyẹ ni òyìnbó ṣe dá wọn sílẹ̀. Pákó ni wọ́n ń wá, àti igi tí rélùwéè yóò máa jó.

Òfin igbó ọba kò ṣòro: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dáko, pẹran tàbí gégi níbẹ̀ láìgbàṣẹ. Ẹ̀ṣọ́ ń rìn ní ààlà. Níbòmíràn, wọ́n máa ń gba àgbẹ̀ láyè kó gbin iṣu àti àgbàdo sáàárín igi kékeré, kó máa roko ìdí rẹ̀, títí òjìji igi yóò fi lé e jáde lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Báyìí ni tííkì àti mẹ̀láínà ṣe gba ipò ìrókò ní ọ̀pọ̀ ibi. Lónìí, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń ṣàkóso igbó wọ̀nyí.

Ará abúlé ni ètò yìí gbàgbé. Níbi tí baba rẹ̀ ti ń dẹ̀gbẹ́, tí ìyá rẹ̀ ti ń ṣa ewé àti ìgbín, òfin sọ ọ́ di olè. Owó orí igi kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí agégẹdú bá wá gbé ayùn elẹ́ńjìnnì wọlé lóru, kí ni yóò mú un ké gbàjarè? Ibẹ̀ gan-an ni igbó ọba ti ń kú. Ìwọ̀nba ẹ̀ṣọ́ ò lè ṣọ́ igbó tí àwọn tó yí i ká ò kà sí tiwọn.

Òṣogbo fi ọ̀nà mìíràn hàn wá. Nígbà tí agégẹdú, ọdẹ àti àwọn tó fẹ́ talẹ̀ ń jẹ igbó Ọ̀ṣun run, Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Austria tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, pẹ̀lú àwọn ọmọ ìlú tí wọ́n jẹ́ bíríkìlà àti agbẹ́gi, bíi Adébísí Àkànjí, mọ ère síbẹ̀, wọ́n sì ta kú pé ilẹ̀ náà ò ṣeé tà. Ìjọba fi òfin dáàbò bo apá kan rẹ̀ lọ́dún 1965. UNESCO fi í sára ohun àjogúnbá ayé lọ́dún 2005. Igbó náà fẹ̀ tó 75 hẹ́kítà. Ohun tó gbé e ró ni pé olórìṣà, ààfin Àtáọ́ja àti ọ̀pọ̀ èrò tó ń bọ̀ wá sí ọdún Ọ̀ṣun ní gbogbo oṣù Kẹjọ gbà pé tiwọn ni. Odò Ọ̀ṣun tó gba inú igbó náà kọjá ló ń ṣàn dé Aṣẹ̀jìrẹ́ ní Ẹgbẹ́dá, níbi tí Ìbàdàn ti ń fa omi.

Ní orílẹ̀-èdè Niger, níbi tí aṣálẹ̀ ti ń halẹ̀ mọ́ oko, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀. Nígbà tí òfin ń sọ pé ìjọba ló ni igi oko, àgbẹ̀ ń hú u dànù. Láti àárín àwọn ọdún 1980, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí igi náà bíi tiwọn, wọ́n jẹ́ kí kùkùté padà hù. Ilẹ̀ tí igi padà sí lórí lọ́nà yìí tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 hẹ́kítà.

Èyí ló yẹ kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ẹ̀bá Ìbàdàn, Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, mú lò. Kí ìpín nínú owó igi máa dé abúlé tó wà ní ààlà. Kí wọ́n gba ẹgbẹ́ ọdẹ síṣẹ́ ẹ̀ṣọ́, torí wọ́n mọ igbó ju ẹni tí wọ́n rán wá láti ọ́fíìsì lọ. Kí olùkọ́ kó ọmọ iléèwé wọ igbó. Igi ò lè dìbò, àwa la lè bá a dìbò. Bí olùdíje bá wá tọrọ ìbò wa, kí baálẹ̀ àti ìyálọ́jà bi í léèrè: ẹ̀ṣọ́ mélòó ló wà nínú igbó ọba wa, ta ló fọwọ́ sí igi tí wọ́n gé lọ́dún tó kọjá, ibo sì ni owó rẹ̀ wọlé sí?