Ṣé 'Gbígbẹ́sẹ̀ Lé Dúkìá' Tó?

Iṣẹ́ ìtumọ̀ ni mo ń ṣe tí mo fi pàdé sequestration nínú òfin gbèsè South Africa ti ọdún 1936. Mo kọ 'gbígbẹ́sẹ̀ lé dúkìá'. Kò tó. Ẹni tó bá kà á lè rò pé ẹnì kan ló ń gba tirẹ̀, bíi ti ológò ayé àtijọ́ tó máa ń jókòó ti ajigbèsè nílé. Níbí, adájọ́ gbọ́dọ̀ rí ìdí láti gbà pé gbogbo àwọn tí ajigbèsè jẹ lówó ni yóò jàǹfààní. Alábòójútó yóò ta dúkìá náà, yóò pín owó rẹ̀ bí òfin ṣe tò wọ́n. Lẹ́yìn ọdún 10, bí kóòtù kò bá sọ ohun mìíràn, ajigbèsè á bọ́. Mo wá kọ 'gbígba dúkìá ajigbèsè fún pípín'. Ó gùn díẹ̀, àmọ́ ìpín ò sọnù.