Olùkọ́ TP: Ẹni tí Kíláàsì Kọ́kọ́ Ń Dán Wò

Àwọn ọmọ pírámárì kì í pẹ́ dá olùkọ́ TP mọ̀, ìyẹn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wá fi ìkọ́ni dánra wò (Teaching Practice). Bàtà rẹ̀ dán ju ti àwọn olùkọ́ yòókù lọ, fáìlì wà lábíyá rẹ̀, kádíbọ́ọ̀dù tó ká róbótó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń kí gbogbo ènìyàn títí kan ìyá tó ń ta bọ̀ọ̀lì lẹ́nu géètì. Kí agogo ìsinmi tó lù, wọ́n ti mọ̀ pé kò mọ orúkọ àwọn, pé olùkọ́ àwọn gan-an ló ni àṣẹ, àti pé àǹtí tuntun yìí kò ní pẹ́ lọ. Ọmọ kan á ní òun fẹ́ lọ tọ̀. Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí mẹ́ta mìíràn á ti na ọwọ́ sókè pé ìtọ̀ ń gbọ̀n àwọn náà. "Àǹtí, ẹ wò ó, ó mú pẹ́ńsùlù mi!" "Irọ́ ni, mà! Tèmi ni!" Ìjà pẹ́ńsùlù yìí kò sí nínú ìwé kankan tí olùkọ́ TP kà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó sì gbọ́dọ̀ parí rẹ̀ kí ó tó lè kọ déètì sójú bọ́ọ̀dù.

TP jẹ́ dandan fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gba NCE, ìwé-ẹ̀rí tí ìlànà ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà kà sí èyí tó kéré jù tí olùkọ́ lè ní. Ọdún kẹta ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni wọ́n máa ń ṣe é, fún sáà kan. Àjọ NCCE, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1989 láti máa bójú tó àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́, fún un ní yúnìtì 6, nígbà tó jẹ́ pé yúnìtì 1 tàbí 2 ni ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì tí wọ́n ń jókòó gbọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní. Ẹni tó bá pàdánù rẹ̀ kò ní bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde, bó ti wù kí máàkì rẹ̀ pọ̀ tó níbòmíràn.

Ipò tí olùkọ́ TP wà kò rọrùn. Olùkọ́ ni lójú àwọn ọmọ, akẹ́kọ̀ọ́ ni lójú alábòójútó tó ń bọ̀ láti kọ́lẹ́ẹ̀jì, àlejò sì ni lójú olùkọ́ tó ni kíláàsì. Láàárín òwúrọ̀ kan ṣoṣo, ó lè jẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń kọ́ni tí òun náà sì ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ti pẹ́ nílẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá iléèwé sílẹ̀ ní Àgbádárìgì ní 1843, kò sí kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ kankan nítòsí. Bí iléèwé ìjọ ṣe ń pọ̀ sí i, ọmọ tó bá mọ̀wé ní kíláàsì òkè ni wọ́n ń fà sílẹ̀ láti máa kọ́ àwọn kékeré. Á dúró níwájú kíláàsì lọ́sàn-án. Ní kùtùkùtù tàbí nírọ̀lẹ́, á jókòó níwájú ọ̀gá rẹ̀ kí ó gba ẹ̀kọ́ tirẹ̀, títí yóò fi yege ìdánwò tó máa sọ ọ́ di igbákejì olùkọ́. Pupil teacher ni wọ́n ń pè é.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì ló wá fún iṣẹ́ náà ní ìlànà. Iléèwé olùkọ́ tí CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859 ṣí lọ sí Èkó ní 1867, kí ó tó fìdí kalẹ̀ sí Ọ̀yọ́ ní 1896, níbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n sí St. Andrew's College. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì dá Wesley College tiwọn sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1905. Ní Ọ̀yọ́, iléèwé àwọn ọmọ kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, níbi tí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ti ń fi ohun tí wọ́n kọ́ dánra wò. Ọ̀kan nínú àwọn tó gba ibẹ̀ kọjá ni D. O. Fágúnwà. Lẹ́yìn tó jáde ní St. Andrew's, ó dúró kọ́ àwọn ọmọ kékeré níbẹ̀ láti 1930 sí 1939. Àárín ọdún wọ̀nyẹn náà ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde, ní 1938. Ẹni tó bá ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ọ̀nà tí ọmọ ọdún mẹ́fà kò fi ní sùn lọ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ti mọ nǹkan kan nípa bí a ti ń sọ ìtàn.

Ṣùgbọ́n ìgbà kan dé tí olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́ kò tó. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1955, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, lórí àbá tí S. O. Awókọ́yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ti gbé kalẹ̀ ní 1952. Àwọn ọmọ tó wà ní pírámárì fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 sí ohun tó lé ní 811,000 lọ́dún kan ṣoṣo. Ilé ṣeé kọ́ kíákíá, àga ṣeé kàn. Olùkọ́ ni kò ṣeé sáré ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dúró níwájú kíláàsì lọ́dún náà ni kò tíì kọ́ṣẹ́ rí, kíláàsì tó kún fọ́fọ́ ló sì kọ́ wọn ní èyí tí wọ́n mọ̀. Ní 1976, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ dé gbogbo Nàìjíríà, àìtó olùkọ́ náà tún yọjú. Ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ Grade II ló gbòde nígbà náà. NCE ló gba ipò rẹ̀ lẹ́yìn-ò-rẹyìn.

Lónìí, kọ́lẹ́ẹ̀jì kì í kàn ti akẹ́kọ̀ọ́ sínú kíláàsì lójijì. Akẹ́kọ̀ọ́ náà máa ń kọ́kọ́ ṣe micro-teaching, ọgbọ́n tí Dwight Allen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà ní 1963. Ẹ̀kọ́ kékeré ni, bí ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, níwájú ènìyàn díẹ̀, tí wọ́n á sì jókòó jíròrò lé e lórí lẹ́yìn náà. Ní ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ ẹni ló ń ṣe bí ọmọ pírámárì. Wọ́n á jókòó jẹ́jẹ́, wọ́n á dáhùn ìbéèrè bó ti yẹ, torí ọ̀la ni yóò kan àwọn náà. Kò sí ẹni tí eyín rẹ̀ ń mì láàárín wọn. Kò sí ẹni tó sunkún nítorí pé wọ́n jẹ bísíkíìtì rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni kíláàsì gidi dé. Ìlànà ìjọba sọ pé olùkọ́ pírámárì kan kò gbọdọ̀ ní ju ọmọ 35 lọ, àmọ́ ẹni tó bá mọ iléèwé ìjọba nínú ìlú ńlá mọ̀ pé ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè wà lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ṣe fún méjì. Olùkọ́ TP mú lẹ́sìn nóòtù rẹ̀ lọ́wọ́, pẹ̀lú gbogbo ìpín rẹ̀: orí-ọ̀rọ̀, èròǹgbà, ìmọ̀ tí àwọn ọmọ ti ní tẹ́lẹ̀, ohun èlò ìkọ́ni, ìgbésẹ̀ kìíní dé ìkẹyìn, ìgbéléwọ̀n, iṣẹ́ àmúrelé. Nóòtù náà ṣètò gbogbo nǹkan fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Kò ṣètò fún ọmọ tó dáhùn ìbéèrè ìgbésẹ̀ kẹrin ní ìgbésẹ̀ kìíní, tí gbogbo kíláàsì sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Ohùn ni ọ̀pọ̀ wọn kọ́kọ́ máa ń pàdánù. Ẹni tí kò mọ̀ á máa pariwo, "Ẹ dákẹ́! Mo ní ẹ dákẹ́!" títí ọ̀fun á fi gbẹ, ariwo tirẹ̀ á sì kún ti àwọn ọmọ. Bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń gorí ọ̀sẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í wo bí olùkọ́ kíláàsì ti ń ṣe é: ó pàtẹ́wọ́ ní ìlù kan, àwọn ọmọ fi ìlù kan náà dá a lóhùn, ó dá orin sílẹ̀, wọ́n gbè é, orin parí, ẹnu sì pa dé. Ẹlòmíràn á rántí ohun tí ìyá àgbà ń ṣe nílé. Ó kàn ní "Ààlọ́ o!", "Ààlọ̀!" á sì jáde láti gbogbo kọ̀rọ̀ kíláàsì, lẹ́nu ọmọ tó ń jà àti ọmọ tó ń tòògbé. Ká sòótọ́, ọ̀nà yìí dára ju pàṣán tí ẹnìkan nínú iléèwé náà lè nà sí i ní ọjọ́ kìíní pé, "Gbà, ìwọ̀nyí kì í gbọ́ tẹnu."

Ìṣòro tó jinlẹ̀ ju ariwo lọ kò ní ariwo nínú rárá. "Ṣé ó yé yín?" ni olùkọ́ TP bèèrè. "Ó yé wa, mà!" ni gbogbo kíláàsì dáhùn, lẹ́ẹ̀kan náà, tayọ̀tayọ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó pa bọ́ọ̀dù rẹ́, ó ní kí wọ́n mú ìwé jáde. Ìgbà tó gba ìwé jọ ló rí i pé kò yé ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ náà kò purọ́. Ilé tí wọ́n ti wá kọ́ wọn pé ọmọ kì í sọ fún àgbà pé ohun tó sọ kò yé òun, pàápàá lójú àwùjọ. "Ó yé wa" jẹ́ ọ̀wọ̀ ju kó jẹ́ ìdáhùn lọ. Ẹni tó máa di olùkọ́ á jáwọ́ nínú ìbéèrè náà. Á ní kí ọmọ kan wá ṣe é sójú bọ́ọ̀dù, á ní kí ẹnìkan ṣàlàyé fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á sì rìn lọ sẹ́yìn kíláàsì lọ wo ìwé àwọn tí kì í nawọ́.

Ibẹ̀ náà ni yóò ti rí bí àwọn ọmọ ti ń ronú. Mú ìṣirò bí àpẹẹrẹ. Olùkọ́ TP kó ìgbálẹ̀ wá, ó dì í ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, ó fi ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò ṣe ẹyọ-ẹyọ. Ó fẹ́ kí wọ́n rí 16 bí ìdì kan àti ẹyọ mẹ́fà. Ọmọ tó ń ka owó ní Yorùbá nílé, tó ń bá ìyá rẹ̀ ta ọsàn lọ́jà, mọ mẹ́rìndínlógún dáadáa, ṣùgbọ́n ogún tí a yọ mẹ́rin kúrò nínú rẹ̀ ni tirẹ̀. Ọmọ náà kì í ṣe olódo. Ọ̀nà méjì ló wà níbẹ̀, olùkọ́ tó bá sì rí méjèèjì lè fi ìgbálẹ̀ kan náà ṣàlàyé wọn.

Èdè wo ni yóò fi ṣàlàyé ọ̀hún? Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ lẹ́sìn nóòtù, yàtọ̀ sí ti Yorùbá fúnra rẹ̀. Láti 1977 ni ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ti fàyè gba èdè abínibí fún ìbẹ̀rẹ̀ pírámárì. Kí ìlànà náà tó jáde, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní 1970 ní iléèwé St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ àwùjọ láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà, tí wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Síbẹ̀, ní oṣù Kọkànlá 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun fagi lé ìlànà èdè abínibí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni. Nínú kíláàsì, olùkọ́ TP ń sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó wo ojú àwọn ọmọ, ó tún un sọ ní Yorùbá.

Àfi bí alábòójútó bá wọlé. Kì í sábà sọ ọjọ́ tó ń bọ̀. Á wọlé láìròtẹ́lẹ̀, á jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú fọ́ọ̀mù rẹ̀, á máa fi máàkì sí ìmúrasílẹ̀, ìgbékalẹ̀ ẹ̀kọ́, ìkóso kíláàsì, ohùn, ìmúra, ohun èlò ìkọ́ni. Ojú-ẹsẹ̀ ni nǹkan àrà kan á ṣẹlẹ̀: ọmọ tó ti ń sáré kiri láti àárọ̀ á dákẹ́ lọ gbári, gbogbo ọwọ́ á sì lọ sókè bí ìbéèrè bá jáde, ti ẹni tó mọ̀ àti ti ẹni tí kò mọ̀. Ìbẹ̀rù àlejò wà nínú rẹ̀. Ìfẹ́ náà wà níbẹ̀, torí wọ́n mọ̀ pé àǹtí àwọn ni wọ́n wá yẹ̀ wò. Kíláàsì tí alábòójútó rí kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ kíláàsì tó wà níbẹ̀ lánàá.

Ẹni tó wà níbẹ̀ lánàá ni olùkọ́ kíláàsì, òun ló sì yẹ kó ran alábòójútó lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n níbi tí olùkọ́ kò bá ti tó, olùkọ́ TP á di ìrànlọ́wọ́ tí Ọlọ́run rán wá. Wọ́n á fi kíláàsì lé e lọ́wọ́ pátápátá, nígbà mìíràn wọ́n á pa kíláàsì méjì pọ̀ fún un, olùkọ́ kíláàsì á sì lọ sí ọ́fíìsì. Owó ọkọ̀ àti owó kádíbọ́ọ̀dù ń jáde láti àpò òun tàbí ti òbí rẹ̀. Ó lè mọ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó wà lójú odò gbọ́dọ̀ lúwẹ̀ẹ́. Ohun tó ń pàdánù ni ẹni tó máa pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ pé, "Ọmọ mi, ṣé o rí ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn? Kò tíì kọ nǹkan kan láti ọjọ́ Ajé."

Láti bí ogún ọdún sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ ti ń di yunifásítì. Ti Tai Solarin ní Ìjẹ̀bú-Òde ló ṣíwájú ní 2005. Ti Adéyẹmí ní Oǹdó, ti Emmanuel Aláyandé ní Ọ̀yọ́, àti ti ìpínlẹ̀ Èkó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá jáde, ì báà jẹ́ NCE tàbí dígírì, ṣì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ TRCN, tí òfin dá sílẹ̀ ní 1993. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò àjọ náà: ìbéèrè hàn, olùkọ́ ọ̀la yan ìdáhùn, ó tún kan òmíràn. Kò sí ọmọ kankan nínú gbọ̀ngàn náà, nítorí náà ìwọ̀nba ọjọ́ TP ni ẹnìkan fi ń rí ohun tí onítọ̀hún ń ṣe nígbà tí ogójì ọmọ bá ní ó yé àwọn, tí kò sì yé wọn.